Orí Keje: Bíbéèrè Owó Iṣẹ́ Àkànṣe Nígbà Tí Àtúnṣe Àdéhùn Bá Nasẹ̀ Sẹ́yìn

Àdéhùn iṣẹ́ àkànṣe, ìyẹn ìwé tí agbéṣẹ́jáde àti agbaṣẹ́ṣe jọ buwọ́ lù lórí iṣẹ́ ńlá tó ń gba oṣù tàbí ọdún, kì í sábàá dé òpin láìjẹ́ pé wọ́n tún ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tí títì yóò gbà kọjá lè rọ̀ ju bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti fi hàn lọ, iye iṣẹ́ lè pọ̀ sí i, owó ọ̀dà àti epo dísẹ́ẹ̀lì lè fò sókè, tàbí kí ìjọba yí òfin tó de iṣẹ́ náà padà. Bí àtúnṣe tó bá tẹ̀yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yọ bá kan iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe nìkan, kò fi bẹ́ẹ̀ nira, nítorí pé bíìlì tó kàn ni yóò gbé iye tuntun. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti buwọ́ lu àtúnṣe lónìí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti ọjọ́ kan tó ti kọjá ni iye tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Bíìlì ti jáde lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ méjèèjì, agbéṣẹ́jáde ti san nínú rẹ̀, owó orí ti kúrò lára rẹ̀, oníṣirò owó sì lè ti pa ìwé àwọn oṣù náà dé. Irú èyí ni orí yìí ń pè ní àtúnṣe tó nasẹ̀ sẹ́yìn.

Ìlànà tí gbogbo àlàyé inú orí yìí dúró lé ni pé bíìlì tó ti jáde kì í ṣe ohun tí a ń parẹ́ tàbí tí a ń tún kọ. Ìwé mìíràn ni a fi ń tún un ṣe, tí yóò dárúkọ bíìlì àkọ́kọ́ náà, tí yóò sọ ìdí àtúnṣe, tí yóò sì fi ìṣirò ìyàtọ̀ hàn ní kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò fi lè tọ ipa rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta ni oníṣirò owó iṣẹ́ àkànṣe gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ lórí gbogbo ìlà inú bíìlì. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà gan-an, èyí tí ìwé ojoojúmọ́ ibi iṣẹ́ àti ìwé wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi hàn. Èkejì ni ọjọ́ ìmúlò, ìyẹn ọjọ́ tí àtúnṣe sọ pé iye tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jọba. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ ìbuwọ́lù, tí ẹ̀tọ́ láti béèrè ìyàtọ̀ owó náà wáyé. Ọjọ́ iṣẹ́ tí a bá fi wé ọjọ́ ìmúlò ló ń pinnu iye owó tí ìlà kan yóò gbé. Ọjọ́ ìbuwọ́lù ló ń pinnu ìgbà tí ìyàtọ̀ náà yóò wọ inú ìwé. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ń dìde láàárín agbaṣẹ́ṣe àti agbéṣẹ́jáde ló jẹ́ pé ọjọ́ bíìlì ni wọ́n fi pín iṣẹ́ dípò ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bíìlì kan ṣoṣo lè kó iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìmúlò àti èyí tó tẹ̀lé e pọ̀.

Ó yẹ kí ohun kan hàn gbangba níhìn-ín. Kíkọ ọ́ sínú àtúnṣe pé yóò ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì fi ojú han ara wọn, ìwé náà sì sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tó jẹ́ irọ́ ni kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n wá kọ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún sí abẹ́ ìbuwọ́lù náà, kí ó lè dà bí ẹni pé ìwé ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ ń ba gbogbo bíìlì tó bá dúró lé e lórí jẹ́, oníṣirò owó tó bá sì mọ̀ tó ṣì gbé bíìlì jáde lórí rẹ̀ ti di alábàápín nínú irọ́ náà.

Ibi tí àtúnṣe ti ń wá

FIDIC, àjọ àgbáyé àwọn ẹnjiníà agbaninímọ̀ràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1913, ló ń tẹ àwọn ìwé àdéhùn tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá ń lò káàkiri ayé. Èyí tó wà fún iṣẹ́ ìkọ́lé àti títì tí agbéṣẹ́jáde fúnra rẹ̀ pèsè àwòrán rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Ìwé Pupa. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà ọdún 1999 rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé nínasẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Abala 12.3 gbà pé kí wọ́n wá iye tuntun fún iṣẹ́ kan bí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, bí àwọn ìlànà mìíràn tó bá a rìn bá sì pé. Títí wọn yóò fi fẹnu kò, ẹnjiníà ni yóò fi iye onígbà díẹ̀ sí i kí owó lè máa jáde. Abala 13.8 tó wà fún ìyípadà owó ọjà náà rí bẹ́ẹ̀: bí atọ́ka iye owó oṣù kan kò bá tí ì jáde, onígbà díẹ̀ ni wọn yóò lò, nígbà tí ojúlówó rẹ̀ bá sì dé, wọn yóò tún ìṣirò ṣe. Abala 14.6 ló wá ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo rẹ̀, nítorí ó fún ẹnjiníà láṣẹ láti fi ìwé ẹ̀rí owó èyíkéyìí ṣe àtúnṣe tó yẹ sí èyí tó ti ṣáájú. Ìwé ẹ̀rí owó, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sáátífíkéètì, ni ìwé tí ẹnjiníà fi ń jẹ́rìí pé iye iṣẹ́ báyìí ti parí, owó rẹ̀ sì tọ́ sí agbaṣẹ́ṣe.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2023 sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí kò ṣeé sá fún. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí a ń ṣẹ́ náírà sí owó ilẹ̀ òkèèrè. Agbaṣẹ́ṣe tó ti fi iye owó sílẹ̀ ṣáájú àkókò náà, tó sì ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti ọ̀dà láti òkè òkun, kò lè fi iye àtijọ́ parí iṣẹ́. Níwọ̀n bí ìjíròrò lórí iye tuntun ti ń gba oṣù púpọ̀, tí iṣẹ́ kò sì lè dúró dè é, kò sí bí àtúnṣe tí wọ́n bá jọ gbà kò ṣe ní nasẹ̀ sẹ́yìn.

Amẹ́ríkà ní irú tirẹ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀. Lábẹ́ FAR, ìwé ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fi ń ra nǹkan, àwọn àdéhùn kan wà tí ìjọba ń san iye tí iṣẹ́ náà ná agbaṣẹ́ṣe gan-an. Lára ìnáwó bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò ṣeé so mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí owó ilé, iná mànàmáná àti owó oṣù àwọn alábòójútó, tí a lè pè ní ìnáwó àjọpín. Wọ́n ń pín in sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú owó òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ìdá gidi kì í hàn títí ọdún yóò fi parí, ìdá onígbà díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé bíìlì jáde láàárín ọdún. Abala 52.216-7 ní kí agbaṣẹ́ṣe fi ìdá gidi sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣúná rẹ̀ bá parí, kí ó sì tún gbogbo bíìlì ṣe láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí rẹ̀. Bí owó òṣìṣẹ́ bá jẹ́ $500,000, tí ìdá onígbà díẹ̀ jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, $400,000 ni wọ́n ti gbà fún ìnáwó àjọpín. Bí ìdá gidi bá wá já sí 84, $20,000 ló kù fún wọn láti gbà, bó bá sì já sí 77, wọn yóò dá $15,000 padà. Ohun tó dára nínú ètò yìí ni pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé àtúnṣe ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ nígbà tó bá dé.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ìyàtọ̀ owó

A lè fi iṣẹ́ ìdátítì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àdéhùn sọ pé ₦18,000 ni títẹ́ ọ̀dà sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Sáátífíkéètì kìíní, ti òpin oṣù kẹta, gbé mítà 4,000. Èkejì, ti òpin oṣù karùn-ún, gbé 6,000, tí 2,500 nínú rẹ̀ ti parí kí oṣù karùn-ún tó wọlé. Ẹ̀kẹta, ti òpin oṣù keje, gbé 5,000. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n buwọ́ lu àtúnṣe tó sọ iye náà di ₦22,500, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Sáátífíkéètì kìíní kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àtúnṣe yìí. Èkejì ló nílò ìṣọ́ra jù lọ, nítorí pé 3,500 péré nínú 6,000 ni iye tuntun kàn, kò sì sí ohun tó lè fi ààlà náà hàn bí kò ṣe ìwé ojoojúmọ́ ibi iṣẹ́ tí aṣojú ẹnjiníà buwọ́ lù. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ní ìwé bẹ́ẹ̀ yóò bá agbéṣẹ́jáde jà lórí gbogbo 6,000 náà, àfàìmọ̀ ni kò sì ní pàdánù.

Ọ̀nà kìíní ni fífagi lé bíìlì tí ọ̀rọ̀ kàn àti gbígbé òmíràn jáde. Wọn yóò kọ ìwé ìdápadà, ìyẹn ìwé tó ń yọ iye bíìlì kan kúrò nínú gbèsè agbéṣẹ́jáde, fún ₦108,000,000 ti bíìlì kejì àti ₦90,000,000 ti ẹ̀kẹta, wọn yóò sì tún gbé bíìlì ₦123,750,000 àti ₦112,500,000 jáde. Ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó ń da owó tí agbéṣẹ́jáde ti san rú, nítorí pé owó náà kò ní bíìlì tó so mọ́ mọ́ títí wọn yóò fi so ó mọ́ tuntun. Ibi tí ọ̀nà yìí ti yẹ ni ibi tí bíìlì àkọ́kọ́ ti ní àṣìṣe mìíràn tó ju iye owó lọ, bí orúkọ tàbí nọ́ńbà àdéhùn tí kò tọ̀nà.

Ọ̀nà kejì ni bíìlì ìyàtọ̀, tó jẹ́ pé ohun tó kù nìkan ló ń béèrè. Òṣùwọ̀n tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ 3,500 àti 5,000, àpapọ̀ 8,500; ìyàtọ̀ iye jẹ́ ₦4,500; owó náà sì jẹ́ ₦38,250,000. Bíìlì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà sáátífíkéètì tó ti wá, iye àtijọ́, iye tuntun àti ọjọ́ iṣẹ́. Bíìlì tó kọ ìlà kan ṣoṣo pé owó àtúnṣe ni òun ń béèrè kò tó nǹkan tí agbéṣẹ́jáde lè yẹ̀ wò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti dá a padà.

Ọ̀nà kẹta ló tọ́ jù lọ fún iṣẹ́ ìkọ́lé, òun náà sì ni ìwé FIDIC dúró lé. Níbẹ̀, sáátífíkéètì kọ̀ọ̀kan kì í ka iṣẹ́ oṣù rẹ̀ nìkan. Gbogbo iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń kà, lẹ́yìn náà ni yóò yọ ohun tí àwọn tó ṣáájú ti jẹ́rìí sí. Bí wọ́n bá tún tẹ́ mítà 2,000 kí oṣù kẹsàn-án tó parí, sáátífíkéètì kẹrin yóò ka 6,500 ní iye àtijọ́, tó jẹ́ ₦117,000,000, àti 10,500 ní iye tuntun, tó jẹ́ ₦236,250,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦353,250,000. Bí wọ́n bá yọ ₦270,000,000 tí àwọn mẹ́ta ìṣáájú ti gbé, ₦83,250,000 ló kù, tí ₦45,000,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ tuntun, tí ₦38,250,000 yòókù sì jẹ́ ìyàtọ̀ kan náà tí ọ̀nà kejì ti fi hàn. Ẹ̀yìn kò yí padà, síbẹ̀ àtúnṣe ti wọlé.

Bó ti wù kí ọ̀nà náà rí, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó gbọ́dọ̀ lè tọ́jú iye méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí ẹnìkan bá kàn fi iye tuntun rọ́pò ti àtijọ́, bíìlì tó ti jáde kò ní bá ohun tó wà lórí ẹ̀rọ mu mọ́, ọ́dítọ̀ kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Ohun tí a ń yọ kúrò àti ohun tí a ń fi kún un

Owó tí a dá dúró ni ìdá kan nínú owó iṣẹ́ tí agbéṣẹ́jáde ń mú lọ́wọ́ títí àkókò títún àbùkù ṣe yóò fi kọjá. Ìyàtọ̀ owó náà jẹ́ owó iṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n dá tirẹ̀ náà dúró. Bí ìdá náà bá jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,912,500 yóò dúró nínú ₦38,250,000, ₦36,337,500 yóò sì kù. Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀ sí mọbiláísẹ́ṣọ̀n, kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìrajà ìjọba Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi òpin rẹ̀ sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí wọ́n ṣe é, ó sì ní kí agbaṣẹ́ṣe mú onídùúró wá. Owó tí iye rẹ̀ ti dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń yọ ọ́ padà. Iye iṣẹ́ tó lọ sókè kò sọ ọ́ di púpọ̀. Nítorí náà, yíyọ ìdá 15 lára ìyàtọ̀ owó lè mú kí wọ́n gba ju ohun tí wọ́n fún agbaṣẹ́ṣe lọ, àfi bí àtúnṣe bá sọ pé wọ́n fi kún owó ìbẹ̀rẹ̀ náà.

Owó orí ọjà, tí a mọ̀ sí VAT, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú òfin ọdún 1993 ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di 7.5 láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020. Bí a bá ṣírò 7.5 lórí gbogbo ìyàtọ̀ inú àpẹẹrẹ wa, yóò jẹ́ ₦2,868,750, bíìlì náà yóò sì jẹ́ ₦39,206,250 lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó tí a dá dúró. Ìwé ìdápadà tó bá ń fagi lé bíìlì kan gbọ́dọ̀ gbé ìdá owó orí tí bíìlì náà fúnra rẹ̀ gbé, nítorí pé ohun tí wọ́n kò gbà ní 7.5 kò ṣeé dá padà ní 7.5.

Bíìlì yàtọ̀ sí owó tí iṣẹ́ mú wọlé

Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé ọjọ́ tí bíìlì bá jáde ni owó rẹ̀ di èrè ilé iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíìlì jẹ́ ìbéèrè owó. Ohun tí a ń kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí owó tí iṣẹ́ mú wọlé dúró lórí bí iṣẹ́ ṣe ń parí sí. Ìlànà àgbáyé IFRS 15, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé ọdún tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018, tó sì gba ipò IAS 11 tí àwọn akọ́lé ń lò tẹ́lẹ̀, ló ń darí èyí. Ó ní àtúnṣe kò ì tí ì wà àfi bí àwọn méjèèjì bá ti fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ tí òfin lè gbè, bóyá nínú ìwé, lẹ́nu tàbí nípa àṣà iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ó béèrè bóyá iṣẹ́ tó kù dá dúró fúnra rẹ̀. Bí ohun tuntun bá dá dúró, tí iye rẹ̀ sì jẹ́ iye tí wọn yóò tà á lọ́tọ̀, àdéhùn mìíràn ni. Bí iṣẹ́ tó kù bá dá dúró ṣùgbọ́n tí iye rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò ṣe é bí ẹni pé àdéhùn àtijọ́ ti parí, tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sì dá dúró, bíi títì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣe dé ìdajì, wọn yóò tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ yóò sì wọ inú ìwé ní ọjọ́ àtúnṣe.

Ìṣirò ìkẹyìn yìí lè ya ni lẹ́nu. Ká ní iye àdéhùn jẹ́ ₦400 mílíọ̀nù, tí ìnáwó tí wọ́n ń retí jẹ́ ₦320 mílíọ̀nù, tí wọ́n sì ti ná ₦160 mílíọ̀nù: iṣẹ́ ti dé ìdajì, ₦200 mílíọ̀nù ló sì ti wọ ìwé. Àtúnṣe wá fi ₦60 mílíọ̀nù kún iye, ó sì fi ₦40 mílíọ̀nù kún ìnáwó. Ìnáwó ₦160 mílíọ̀nù kan náà ti wá di ìdá 44.4 péré nínú ₦360 mílíọ̀nù, bí a bá sì wo ìdá náà nínú ₦460 mílíọ̀nù, ₦204,444,444 ni. Ohun tí wọn yóò fi kún ìwé lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦4,444,444, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíìlì tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé jáde lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá kọ gbogbo iye bíìlì náà sílẹ̀ bí èrè ti parọ́ fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́.

Ìwé àwọn oṣù tí wọ́n ti pa dé kò ní ṣí padà nítorí àtúnṣe àdéhùn, nítorí pé nígbà tí wọ́n kọ wọ́n, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àṣìṣe gidi, bíi kí wọ́n ti ka mítà kan lẹ́ẹ̀mejì láti ìbẹ̀rẹ̀, ni IAS 8 ní kí wọ́n padà sí ọdún àtijọ́ lọ tún ṣe, bó bá tó ohun tó lè ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Èlé àti àkókò

Òfin ọdún 2007 sọ pé owó tó bá ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi bíìlì tàbí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ sílẹ̀ ti di owó tó pẹ́, èlé tó wà nínú àdéhùn yóò sì lé e. Ìwé Pupa ti 1999 fún agbéṣẹ́jáde ní ọjọ́ 56 lẹ́yìn tí ìṣirò agbaṣẹ́ṣe bá ti dé ọwọ́ ẹnjiníà. Nínú méjèèjì, ọjọ́ tí ìbéèrè owó dé ọwọ́ ẹni tó yẹ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìmúlò. Agbéṣẹ́jáde kò lè jẹ̀bi pé kò san ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ èlé lórí àwọn oṣù tó ti kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àtúnṣe fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Kò sì yẹ kí agbaṣẹ́ṣe dúró de àtúnṣe kó tó sọ̀rọ̀. Abala 20.1 nínú ẹ̀dà 1999 ní kí ó fi ìwé sọ fún ẹnjiníà láàárín ọjọ́ 28 tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, nípa ohun tó fẹ́ gba owó lé lórí, ẹ̀dà ọdún 2017 náà kò sì yí iye ọjọ́ yìí padà. Bí ọjọ́ 28 náà bá kọjá láìsí ìwé, ẹ̀tọ́ sí owó náà ti bọ́ lábẹ́ àdéhùn bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí agbéṣẹ́jáde bá sì fún un lẹ́yìn ìyẹn, inú rere ni.